Ìfun Eku àti Kọ́ọ̀pù Omi Méjì: Oṣù Mẹ́ta Mi ní Toronto

Láti ìgbà tí mo ti padà dé, ohun kan náà ni gbogbo ènìyàn ń bi mí: ṣé lóòótọ́ ni pé òtútù ibẹ̀ lè gé ènìyàn létí? Mi ò lè jẹ́rìí sí i. Oṣù kẹsàn-án ni mo dé ibẹ̀, mo sì kúrò kí yìnyín tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ gidi. Ohun tí ojú mi rí ni màá sọ. Èyí tí mo bá gbọ́ lẹ́nu ẹlòmíràn, màá sọ pé mo gbọ́ ọ ni.

Ohun tó gbé mi lọ kò ṣòroó ṣàlàyé. Bí inú ara ènìyàn àti ẹranko ṣe rí ni mo kọ́ ní yunifásítì. Ilé ìwé kan ní Toronto wá gbà mí fún oṣù mẹ́ta kí n lè kọ́ bí wọ́n ṣe ń yẹ ìfun wò lẹ́yìn tí ìtànṣán bá ti kọjá lára rẹ̀. Ìtànṣán tí mò ń wí jẹ́ ẹ̀gbọ́n sí èyí tí wọ́n fi ń ya àwòrán egungun. Òun ni wọ́n fi ń tọ́jú jẹjẹrẹ. Ọ̀dọ̀ Àǹtí Ṣadé, àbúrò ìyá mi, ni mo máa dé sí. Nígbà tí mò ń di ẹrù, ìyá mi kàn sọ pé, "Ara Àǹtí rẹ kò fi bẹ́ẹ̀ yá. Bí o bá débẹ̀, má máa bi wọ́n ní ìbéèrè." Mo gbà. Èmi kì í sábà bi ènìyàn ní ìbéèrè. Ìwé ni mo máa ń bi.

Ilẹ̀kùn

Àjà kẹrìnlá ilé gíga kan ní Jane and Finch ni Àǹtí ń gbé. Nínú ọkọ̀ òfúrufú, ọkùnrin tó jókòó tì mí ti kìlọ̀ fún mi nípa àdúgbò náà bí ẹni pé kìnnìún ló ń gbé ibẹ̀. Nínú gbogbo oṣù mẹ́ta náà, ohun tó burú jù tó ṣẹlẹ̀ sí mi níbẹ̀ ni pé lífíìtì bàjẹ́, mo sì gbé àpò ìrẹsì gun àtẹ̀gùn dé àjà kẹrìnlá. Mi ò sọ pé ọkùnrin náà purọ́. Mo ní èmi kò rí kìnnìún ni.

Ìwà ọmọlúàbí wọn ló dẹ́rù bà mí ní tèmi. Bí ará ibẹ̀ bá ṣílẹ̀kùn, tó bojú wẹ̀yìn, tó rí ọ, yóò di ilẹ̀kùn náà mú dè ọ́. Ó dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ó lè jẹ́ pé ìwọ ṣì wà ní òdìkejì títì. Yóò dúró síbẹ̀, yóò máa rẹ́rìn-ín, ìwọ ni yóò wá di dandan fún láti sáré. Mo sáré tó bẹ́ẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ tí mo fi bẹ̀rẹ̀ sí í fara pamọ́ sẹ́yìn ọkọ̀ títí ẹni tó wà níwájú yóò fi wọlé.

Mo tún tẹ obìnrin kan lẹ́sẹ̀ nínú ọkọ̀ ojú irin abẹ́ ilẹ̀, òun ló sọ pé "sọ́rì". Mo rò pé yẹ̀yẹ́ ló fi mí ṣe. Nígbà tí mo sọ fún Àǹtí, wọ́n ní, "Kì í ṣe yẹ̀yẹ́. Bí o bá sọ òkúta lù wọ́n, wọn á ní àwọn ló dúró sí ọ̀nà òkúta."

Àǹtí Ṣadé jẹ́ ènìyàn tí ọ̀rọ̀ kì í wọ́n lẹ́nu wọn. Ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó ni wọ́n ti ń ṣiṣẹ́, apá wọn sì lágbára bí apá ẹni tó ń gbé àgbàlagbà dìde lórí ibùsùn lójoojúmọ́. Ṣùgbọ́n aṣọ tí wọ́n wọ̀ wá pàdé mi ní pápákọ̀ òfúrufú ti tóbi jù wọ́n lọ. Ní ọjọ́ kejì, bí a ti ń ká aṣọ, wọ́n ní, "Ìyá rẹ ti ní kí o má bi mí ní nǹkan kan, àbí?"

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, mà.

"Ó dáa, o ò bi mí, èmi ni mo sọ. Jẹjẹrẹ ni, ní ọrùn ilé-ọmọ. Wọ́n tètè rí i. Ọjọ́ mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n ni wọ́n ní kí n wá gba ìtànṣán, Ajé sí Ẹtì, mo ti ṣe mẹ́ta. Dókítà ní bí mo bá pé e, ó ṣeé ṣe kí ó lọ pátápátá. Má sọ fún Tómi."

Tómi ni ọmọ wọn kan ṣoṣo, ó wà ní yunifásítì ní ìlú mìíràn. Bó bá tẹ Àǹtí láago, Yorùbá ni Àǹtí ń sọ, Gẹ̀ẹ́sì ni òun fi ń dáhùn, ìbéèrè àwọn méjèèjì kì í sì í ju "ṣé o ti jẹun" àti "ṣé ara yín le" lọ. Àwọn méjèèjì ń sọ pé bẹ́ẹ̀ ni.

Tówẹ́ẹ̀lì

Ọ̀gá mi ní ilé ìwé náà jẹ́ obìnrin àgbàlagbà kan láti ilẹ̀ Pólándì. Ní ọjọ́ kìíní, ó ní kí n máa fi orúkọ àbísọ pe òun. Mo gbìyànjú, ẹnu mi kò gbà. Pípe ẹni tó lè bí ìyá mi lórúkọ ṣánṣán, mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Ohun tí mo ṣe ni pé mi ò pè é ní nǹkan kan rárá fún oṣù mẹ́ta. Bí mo bá nílò rẹ̀, màá lọ dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ títí yóò fi yíjú. Lẹ́ẹ̀kan, ó pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tó fi rò pé igi ìfaṣọkọ́ ni mí, ó ń na ẹ̀wù rẹ̀ sí mi.

Ìfun eku ni iṣẹ́ wa. Bí ẹ bá fi makirosíkóòpù wo inú ìfun kékeré, kò tẹ́jú. Ó rí bí tówẹ́ẹ̀lì tuntun. Àwọn ìka tín-ín-tìn-ín dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn ṣinṣin, àwọn ló ń fa oúnjẹ àti omi sínú ara. Ní ìdí wọn ni àwọn kòtò kékeré wà, inú kòtò yìí sì ni wọ́n ti ń bí sẹ́ẹ̀lì tuntun. Sẹ́ẹ̀lì náà yóò máa gun ìka lọ sókè, yóò ṣiṣẹ́ fún ọjọ́ díẹ̀, yóò já bọ́ ní ṣóńṣó, òmíràn á sì gba ipò rẹ̀. Ìfun tí ẹ ní lóṣù tó kọjá kọ́ lẹ ní báyìí.

Ìtànṣán kì í kọ́kọ́ dá àwọn ti òkè dúró. Àwọn tó ń bímọ nínú kòtò ló ń pa. Ìdí nìyẹn tí nǹkan kan kì í fi í hàn ní ọjọ́ kìíní. Àwọn ti òkè ń bá iṣẹ́ lọ, wọ́n ń já bọ́ bí ìṣe wọn, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn. Tó bá fi máa di ọjọ́ kẹrin, àwọn ìka ti kúrú, tówẹ́ẹ̀lì ti dà bí èyí tí wọ́n ti fi ń nulẹ̀ láti ọdún mẹ́wàá. Omi tó yẹ kí wọ́n fà kò rí ẹni fà á mọ́. Ẹ mọ ibi tí omi náà ń gbà jáde.

"Kí lo rí?" ni ọ̀gá mi bi mí nígbà tó kọ́kọ́ gbé irú ìfun bẹ́ẹ̀ síwájú mi.

"Ó dà bí ẹni pé àwọn ìka náà kúrú."

"Ó dà bí ẹni pé, àbí wọ́n kúrú?"

"Mi ò tíì wọ̀n wọ́n."

Ó rẹ́rìn-ín, ó fún mi ní rúlà. Láti ọjọ́ náà ni a ti di ọ̀rẹ́. Èyí tí mo fẹ́ràn jù lára gbogbo wọn ni ti ọjọ́ mélòó kan lẹ́yìn náà. Bí sẹ́ẹ̀lì díẹ̀ bá ṣẹ́ kù láàyè nínú kòtò, wọ́n á tún bẹ̀rẹ̀. Ẹ ó rí àwọn ìka kúkúrú tuntun tó ń yọrí, bí koríko tí òjò àkọ́rọ̀ bá.

Oúnjẹ aláìlẹ́ṣẹ̀

Ilé ìwòsàn fún Àǹtí ní ìwé ohun tí wọ́n lè jẹ àti èyí tí wọn kò gbọdọ̀ jẹ. Ata, èèwọ̀. Ẹ̀wà, èèwọ̀. Ẹ̀fọ́ tútù, wàrà, epo púpọ̀, èèwọ̀. Ìrẹsì funfun, búrẹ́dì funfun, ẹyin sísè àti adìyẹ tí wọ́n bó awọ rẹ̀ ló kù. Àǹtí ń pè é ní oúnjẹ aláìlẹ́ṣẹ̀. Mo sì mọ̀ pé ike ata gígún kan wà lẹ́yìn garawa ìyẹ̀fun, nítorí pé ìrẹsì funfun kì í mú ènìyàn sín.

Ohun tí mo tún ṣàkíyèsí ni pé Àǹtí kì í jẹ nǹkan kan títí di aago mẹ́ta ọ̀sán. Mo rò pé àìsàn ni kò jẹ́ kí oúnjẹ wù wọ́n. Mi ò béèrè.

Ní Àbámẹ́ta kan, ọ̀rẹ́ wọn kan ní ìjọ, Ìyá Dára, pè wá sí Whitby, ìlú kan lẹ́bàá Toronto, láti wá rí ọmọ tuntun. Àwọn ilé ibẹ̀ jọ ara wọn bí ìbejì, ilé ẹlòmíràn ni mo kọ́kọ́ kan ilẹ̀kùn rẹ̀. Onílé náà ní "sọ́rì". Nígbà tí Ìyá Dára na ọmọ sí Àǹtí, Àǹtí fà sẹ́yìn, wọ́n ní ọ̀fìnkìn ń ṣe àwọn. Mo bá wọn jáde sí ìta, mo rọra sọ fún wọn pé ìtànṣán tí wọ́n ń gbà kì í dúró sára. Bí wọ́n bá ti pa ẹ̀rọ, ó ti tán. Ó dà bí iná tí a tan sí ènìyàn lójú: bí a bá pa á, ojú náà kì í máa tàn.

"Ó dá ọ lójú?"

"Ìyẹn dá mi lójú, Àǹtí."

Wọ́n wọlé, wọ́n gba ọmọ, wọn kò sì gbé e sílẹ̀ mọ́ títí a fi fẹ́ lọ. Lẹ́yìn náà ni Ìyá Dára fi ọkọ̀ rẹ̀ gbé wa lọ já èso ápù ní ẹ̀yìn Bowmanville. Bí a ti ń kọjá, ó fi ọwọ́ hàn wá ibi tí wọ́n ti ń fi agbára átọ́míìkì ṣe iná mànàmáná. Àǹtí ti fèrèsé. "Èyí tí wọ́n ń fún mi lọ́fẹ̀ẹ́ ti tó mi," ni wọ́n wí.

Ìkòkò òdòdó

Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé e ni ìgbẹ́ gbuuru mú wọn. Nígbà tó fi máa di Ẹtì, tó jẹ́ ọjọ́ kẹtàlá ìtọ́jú wọn, ó ti rẹ̀ wọ́n débi pé wọ́n ní kí n bá àwọn lọ. Aago kan ọ̀sán ni wọ́n máa ń pè wọ́n. Ọ̀dọ́mọkùnrin ará Filipíìnì kan tó ń darí ẹ̀rọ jáde sí wa níbi tí a jókòó sí.

"Màmá, ṣé ẹ ti mu omi yín?"

"Mo ti mu ún."

Àǹtí wọlé. Kò pẹ́ tí wọ́n jáde, ọmọkùnrin náà sì tẹ̀lé wọn. "Sọ́rì, Màmá. A kọ́kọ́ máa ń ya àwòrán, àwòrán sì fi hàn pé àpò ìtọ̀ yín ò kún. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ mu kọ́ọ̀pù méjì sí i. Ẹ má tọ̀ o. A óò tún pè yín." Ó gbé omi lé wọn lọ́wọ́, ó lọ.

Mo wo fóònù mi díẹ̀. Nígbà tí mo gbójú sókè, kọ́ọ̀pù méjèèjì ti ṣófo.

"Ẹ ti mu ún tán, Àǹtí?"

"Òùngbẹ ń gbẹ mí ni."

Mo rí omi nígbà náà. Ó ń ti abẹ́ ìkòkò òdòdó ńlá tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Àǹtí jáde, ó ń rọra lọ sí ìdí bàtà bàbá òyìnbó kan. Òdòdó náà rẹwà, ṣùgbọ́n ike ni. Kò sí erùpẹ̀ nínú ìkòkò rẹ̀ tó lè mu nǹkan kan. Ọmọkùnrin náà padà wá, ó rí omi. Ó ní, "Sọ́rì, ìkòkò yìí ti ń jò," ó lọ mú ohun ìnulẹ̀ wá. Àǹtí ń wo òkè àjà. Èmi ń wo Àǹtí.

Wọ́n pe ọ̀gá ọmọkùnrin náà láti wá wo àwòrán kejì. Ó ní àwọn óò fara mọ́ ọn fún ọjọ́ yẹn nìkan.

Nínú bọ́ọ̀sì, mo ní, "Àǹtí, ìkòkò yẹn ò jò."

"Mo mọ̀."

A kọjá ibùdókọ̀ mẹ́ta.

"Ààwẹ̀ ni mo ń gbà," ni wọ́n wí. "Ààwẹ̀ gbígbẹ, kò sí oúnjẹ, kò sí omi. Mẹ́fà àárọ̀ sí mẹ́ta ọ̀sán, títí ọjọ́ mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n yóò fi pé. Dókítà ń ṣe tirẹ̀, èmi náà ń ṣe tèmi."

"Ẹ sì sọ fún wọn pé ẹ ti mu omi."

"Mo mu ún, ní aago márùn-ún àárọ̀. Wọn ò béèrè aago." Wọ́n fi orí ti gíláàsì fèrèsé. "Ìbídùn, ó ti sú mi. Inú mi ò dúró, ẹsẹ̀ mi ò dúró. Ọjọ́ Ajé, mi ò lọ mọ́. Mẹ́tàlá tí mo ṣe náà tó."

Diakonẹ́ẹ̀sì ni Àǹtí, ẹ̀jẹ́ ni wọ́n jẹ́, ọmọ àná ni mí. Wọn kì í bá àgbà jiyàn lórí ààwẹ̀ tó ń gbà.

Sùpágẹ́tì

Ní òwúrọ̀ Àbámẹ́ta, mo lọ sí ilé iṣẹ́, nítorí eku kò mọ Àbámẹ́ta. Mo dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀gá mi títí ó fi yíjú, mo bi í pé kí ni omi inú àpò ìtọ̀ ń ṣe nínú ọ̀rọ̀ ìtànṣán. Ó yà á sórí pátákó fún mi. Lẹ́yìn náà ló fi ìka kìlọ̀: "Ó ń ṣèrànwọ́ ni mo wí. Ọ̀pọ̀ ẹni tó ń mu omi dáadáa ni inú ṣì ń dà láàmú."

Nígbà tí mo padà délé, ó ti kọjá aago mẹ́ta. Àǹtí ti se sùpágẹ́tì, ó wà nínú abọ́ gíláàsì lórí tábìlì. Mo ní, "Àǹtí, ẹ jọ̀wọ́, ẹ jẹ́ kí n fi nǹkan kan hàn yín." Mo fi ọ̀rá nylon òfìfo sábẹ́ sùpágẹ́tì náà.

"Ò ń fi oúnjẹ mi ṣeré."

"Ìfun yín nìyí, mà. Ìsàlẹ̀ abọ́ yìí ni jẹjẹrẹ wà, ibẹ̀ ni ìtànṣán ń gbà kọjá. Ọ̀rá yìí ni àpò ìtọ̀ yín. Bó ṣe ṣófo yìí, ìfun jókòó sí ojú ọ̀nà ìtànṣán." Mo fi kọ́ọ̀pù da omi sínú ọ̀rá náà, mo rọra ń dà á. Sùpágẹ́tì bẹ̀rẹ̀ sí í gbéra kúrò nísàlẹ̀, ó ń lọ sókè. "Bó bá kún, ó ń tì í kúrò lọ́nà."

Àǹtí wò ó títí. "Nígbà náà, èmi ni mo ń fi ọwọ́ ara mi kó ìfun mi síbẹ̀."

"Mi ò sọ bẹ́ẹ̀. Ó lè jẹ́ pé bí ẹ bá tiẹ̀ mu omi, inú yín ì bá ṣì máa ṣe báyìí. Ti ọ̀pọ̀ ènìyàn rí bẹ́ẹ̀."

"Ò ń sọ pé ààwẹ̀ mi ò dáa?"

"Rárá, mà. Mi ò mọ nǹkan kan nípa ààwẹ̀ yín. Àpò ìtọ̀ nìkan ni mo mọ̀."

Ẹ̀rín fẹ́ pa wọ́n, wọ́n gbé e mì. "Ìfun tó ti bàjẹ́ yẹn, ṣé yóò hù padà?"

Mo mú fóònù, mo fi àwòrán méjì hàn wọ́n, ti ọjọ́ kẹrin tó dà bí àkísà, àti ti ẹ̀yìn ìgbà náà tí àwọn ìka ti ń yọ.

"Ṣé èyí mu omi?"

"Eku ni, Àǹtí. Ní ti ènìyàn, ìwé sọ pé ti ọ̀pọ̀ máa ń bọ̀ sípò ní ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan lẹ́yìn tí wọ́n bá parí. Àwọn kan a máa ní àpá níbẹ̀ tí yóò máa yọ wọ́n lẹ́nu."

"Èwo ni tèmi?"

"Mi ò mọ̀."

"Ìwọ ọmọ yìí, o ò tiẹ̀ lè purọ́ fún mi díẹ̀."

"Bí mo bá purọ́ fún yín lórí èyí, ẹ ò ní gba ìkejì gbọ́. Ìkejì ni mo sì fẹ́ kí ẹ gbọ́." "Ìtànṣán ń pa ohun tó bá ń bímọ. Ìdí tí wọ́n fi pín in sí ọjọ́ mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n ni pé kí ìfun lè máa rí àyè mí láàárín. Bí ẹ bá dúró ní mẹ́tàlá, ìfun yóò hù padà. Jẹjẹrẹ náà lè hù padà."

Wọ́n yọ ọ̀rá kúrò, wọ́n bu sùpágẹ́tì náà sí abọ́ méjì, wọ́n gbé ọ̀kan fún mi. A jẹ ẹ́ ní funfun bẹ́ẹ̀.

Ọjọ́ Ajé

Wọn kò dárúkọ ọ̀rọ̀ náà ní gbogbo ọjọ́ Àìkú. Ní ọjọ́ Ajé, mo gba àyè níbi iṣẹ́, mo jókòó sí yàrá ìgbàlejò, mo ń ka ojú ìwé kan ṣoṣo. Ní aago méjìlá ọ̀sán, Àǹtí jáde pẹ̀lú kóòtù lọ́rùn. Wọ́n bu omi kọ́ọ̀pù méjì, wọ́n gbé e sórí tábìlì, wọ́n dìjú.

"Olúwa, ẹ̀jẹ́ mi ò yẹ̀. Mo pààrọ̀ rẹ̀ ni. Ata ni mo fi rọ́pò omi, títí ọjọ́ yóò fi pé. Mo mọ̀ pé dókítà ti ka ata léèwọ̀ tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n dókítà kọ́ ni mo jẹ́ ẹ̀jẹ́ fún. Àmín." Wọ́n lajú. "Lọ mú ike tó wà lẹ́yìn garawa ìyẹ̀fun, kí o dà á nù. Má wò mí bẹ́ẹ̀, mo mọ̀ pé o ti rí i."

Wọ́n mu kọ́ọ̀pù méjèèjì láìmí.

Èmi kò mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé títì Toronto ní kòtò. Ọjọ́ yẹn ni mo kà wọ́n. Ní gbogbo ìgbà tí bọ́ọ̀sì bá fò, Àǹtí á di ọwọ́ mi mú, wọ́n á ní, "Awakọ̀ yìí ò bẹ̀rù Ọlọ́run." Nígbà tí a fi débẹ̀, ẹ̀rọ ti fa iṣẹ́ sẹ́yìn ní ogún ìṣẹ́jú. Ọmọkùnrin náà wá sọ fún wa, ó ní sọ́rì.

"Ọmọ mi," ni Àǹtí wí fún un ní Gẹ̀ẹ́sì, "lónìí, má sọ sọ́rì fún mi. Yára."

Nígbà tí wọ́n wọlé, mi ò wo fóònù. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú díẹ̀, ọmọkùnrin náà yọ orí síta, ó na àtàńpàkò sókè sí mi. Lẹ́yìn náà Àǹtí jáde, wọ́n gba iwájú mi kọjá láì wò mí, wọ́n ń sáré bí ẹni tí wọ́n di ilẹ̀kùn mú dè, wọ́n sì ti ilé ìtọ̀ mọ́rí.

Ẹ̀rí

Inú wọn kò ṣàdédé dúró lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Ó ṣì ń yọ wọ́n lẹ́nu ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé e, dókítà fún wọn ní oògùn, ó wá ń dínkù díẹ̀díẹ̀. Bóyá omi ni, bóyá oògùn ni, bóyá ata tí wọ́n jáwọ́ nínú rẹ̀ ni, mi ò lè yà wọ́n sọ́tọ̀. Ènìyàn kan ṣoṣo kì í ṣe àyẹ̀wò. Ohun tí mo rí ni pé wọ́n pé ọjọ́ mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n, àyẹ̀wò tí wọ́n ṣe kí n tó kúrò sì dára.

Ní Àìkú tí mo lò kẹ́yìn níbẹ̀, Àǹtí dìde láti jẹ́rìí ní ìjọ. Tómi, tí wọ́n ti sọ fún nígbẹ̀yìn tó sì sunkún, jókòó tì mí. Ó sọ ọ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ sí mi létí: "Is she going to say bladder?"

Mo ní ó jọ bẹ́ẹ̀.

Àǹtí sọ ọ́. Wọ́n sọ jẹjẹrẹ, wọ́n sọ ìfun, wọ́n sọ ìkòkò òdòdó, wọ́n sọ àpò ìtọ̀ lẹ́ẹ̀mẹta níwájú pásítọ̀, gbogbo ìjọ ń rẹ́rìn-ín, Tómi bo ojú. Wọ́n wá nawọ́ sí mi. "Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi nìyẹn. Ẹ bi í bóyá omi ló ràn mí lọ́wọ́, yóò ní kò dá òun lójú. Èmi, ó dá mi lójú."

Bí wọ́n ti ń kọrin, ẹnì kan tẹ èjìká mi láti ẹ̀yìn. Obìnrin kan ni, tó wọ gèlè àwọ̀ búlúù, tí mi ò mọ̀ rí. Ó rọ orí sílẹ̀ bí ẹni tó ń gbàdúrà.

"Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni èmi máa bẹ̀rẹ̀," ló wí. "N kò tíì sọ fún ẹnikẹ́ni. Kọ́ọ̀pù mélòó ni wọ́n ní kéèyàn mu?"

Mo ní kí wọ́n bi àwọn dókítà wọn, mà, nítorí pé ti olúkúlùkù lè yàtọ̀.

"Mo ti gbọ́. Màá bi wọ́n. Ti Àǹtí rẹ ńkọ́?"

"Méjì, mà," ni mo wí. "Wákàtí kan ṣáájú."